Nígbà tí Ikọ́ àti Ọ̀fìnkìn Bá Kan Ọpọlọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Ṣọ́ Aláìsàn Láti Ọjọ́ Kìíní

Ọ̀fìnkìn tó wọlé, tó lo ọjọ́ mẹ́rin, tó sì bá tirẹ̀ lọ, kì í ṣe ohun à ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ọ̀nà èémí jà, irú bí influenza, Covid-19, RSV, adenovirus àti enterovirus D68, máa ń dá wàhálà sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí imú àti àyà. Ọmọdé lè ṣe gìrì. Àgbàlagbà lè máa sọ ìsọkúsọ. Ẹsẹ̀ lè kọ̀ láti gbé ara, ojú lè wọ́ sápá kan, òórùn lè di àwátì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń fi èyí tó léwu hàn yàtọ̀ sí èyí tí yóò lọ fúnra rẹ̀ ni àkókò: ọjọ́ kelòó lẹ́yìn tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀ ni àmì náà yọjú, báwo ló sì ṣe ń yára tàn? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ti bá dókítà ṣe ìdajì iṣẹ́.

Bí àìsàn àyà ṣe ń dé ọpọlọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kòkòrò náà ló gba imú gun orí lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò wọ́pọ̀. Bí ọmọ tó ní influenza bá ń ṣe ségesège, tí wọ́n fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ̀ wò, wọn kì í sábà bá kòkòrò náà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń jà, ohun tí wọ́n sì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi jà ló ń da ọpọlọ láàmú. Èyí máa ń yára: ọjọ́ kìíní sí ìkẹta.

Nígbà mìíràn, àìtó ló fà á: ọ́síjìn dínkù, omi ara gbẹ, iyọ̀ tàbí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yí padà. Ìyẹn ló sábà ń kọ lu àgbàlagbà. Ẹ̀jẹ̀ tún máa ń tètè dì nígbà tí ara bá ń bá àrùn jà, bí ó bá sì dì sínú iṣan ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Ti ìkẹyìn ni àṣìmú. Ọmọ ogun ara tó kọ́ láti dá kòkòrò mọ̀ lè ṣi awọ tó bo àwọn iṣan ìmọ̀lára mú fún ọ̀tá, kó sì máa bó o. Àṣìmú yìí kì í ṣẹlẹ̀ lóòjọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́fà, nígbà tí ikọ́ ti tán tí ẹni náà sì ti gbàgbé pé òun ṣàìsàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣí ìwé, ẹ kọ aago

Ọjọ́ tí ikọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn tàbí ibà kọ́kọ́ yọjú ni ọjọ́ 1. Láti ọjọ́ náà, ẹ máa kọ nǹkan wọ̀nyí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àti nígbàkúgbà tí ohun tuntun bá ṣẹlẹ̀: ìwọ̀n ìgbóná ara, oògùn tí ẹ lò pẹ̀lú iye rẹ̀ àti aago, iye ìgbà tí aláìsàn tọ̀, ìwọ̀n ọ́síjìn bí ẹ bá ní ẹ̀rọ orí ìka, àti gbólóhùn kan nípa bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni dókítà máa ń fẹ́ gbọ́ jù. “Ó dá mi lóhùn, ó bèèrè ọmọ rẹ̀” yàtọ̀ sí “ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.”

Ẹ̀rọ orí ìka ń tan ènìyàn jẹ ní ọ̀nà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí ọwọ́ bá tutù tàbí tí ọ̀dà bá wà lórí èékánná, nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣeé gbára lé. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè fi nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ hàn. Nítorí náà, ẹ wọn ọ́síjìn ní ọjọ́ 1 kí ẹ lè mọ iye tí ara ẹni náà fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ ìyípadà rẹ̀. 92 tàbí kó dín jẹ́ pàjáwìrì. Bí ó bá bọ́ láti 98 sí 94 láàárín ọjọ́ kan, tí mímí sì ti yára, ẹ má dúró kó tó di 92.

Ibi tí àṣìṣe oògùn ti ń wọlé jù ni paracetamol. Ti ọmọdé jẹ́ mílígírámù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán wákàtí 4 láàárín ìlò kan sí èkejì, kò sì gbọdọ̀ ju ìgbà mẹ́rin lọ láàárín wákàtí 24. Ọmọ tó wọn kílò 10 nílò mílígírámù 150. Nínú omi oògùn tí wọ́n kọ 120 mg/5 ml sí lára, ìyẹn jẹ́ mílílítà 6 àti díẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n kọ 250 mg/5 ml sí, mílílítà 3 péré ni. Ìgò méjèèjì lè jọra bí ìbejì, nítorí náà ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó bù ú. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ ju gírámù 4 lọ lóòjọ́, ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn ti ní paracetamol nínú tẹ́lẹ̀.

Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin nítorí ibà tàbí ọ̀fìnkìn. Àwọn orílẹ̀-èdè kan gbé ààlà náà dé 18. Influenza àti aspirin lára ọmọdé lè bí àìsàn Reye, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tó sì ń mú ọpọlọ wú. Bó ṣe máa ń ṣe ni pé ara ọmọ á ti ń yá, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bì láìdáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà á máa bínú lódì tàbí kó máa sùn lọ fọnfọn. Ẹ ṣọ́ àwọn ìpara àti oògùn inú tó ní salicylate náà, nítorí ẹbí aspirin ni wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tí kì í dúró de ilẹ̀ mọ́

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá:

- oorun tí ẹ kò lè jí i nínú rẹ̀, tàbí tí ó jí tí kò dá yín mọ̀
- gìrì tó ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tó tún dé kí ọmọ tó padà sípò
- ọrùn tó le tí àgbọ̀n kò lè kan àyà, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń dun ojú
- àwọ̀ tó sú pupa tàbí dúdú lára, tí kì í parẹ́ bí ẹ bá tẹ ife gíláàsì mọ́ ọn
- ojú tó wọ́, apá tó já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ tó lọ́
- ẹ̀fọ́rí tó dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan
- àìlágbára ẹsẹ̀ tó ń gùn sókè, tàbí omi tó ń gba imú padà nígbà tí ó bá ń mu ún

Bí ibà bá pọ̀ mọ́ ìdàrúdàpọ̀ ọkàn lára ẹni tó ń gbé ibi tí malaria wà tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò malaria lójú ẹsẹ̀, kódà bí ikọ́ ti wà nílẹ̀. Ikọ́ kò ní kí malaria má wọlé.

Gìrì ibà

Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni ó ń ṣe. Nínú ọmọ 100, 2 sí 5 ni yóò ṣe é rí. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ibà, nígbà mìíràn kí òbí tó mọ̀ pé ara ọmọ gbóná. Ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ ju ewu rẹ̀ lọ, ìbẹ̀rù náà ló sì ń mú àwọn ènìyàn ṣe ohun tó ń pa ọmọ lára.

Ẹ wo aago lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ tẹ́ ọmọ sí ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹnu rẹ̀ lè dojú kọ ilẹ̀ díẹ̀ kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dúró tì í. Ẹ má fi ṣíbí, ìka tàbí aṣọ sí i lẹ́nu: ahọ́n kì í di gbígbé mì, eyín ló ń kán tí ó sì ń há ọ̀fun. Ẹ má di apá rẹ̀ mú, ẹ má da omi tàbí oògùn sí i lẹ́nu, ẹ má rì í sínú omi tútù. Bí ẹnìkan bá wà nítòsí, kí ó fi fóònù ya fídíò rẹ̀; fídíò ìṣẹ́jú kan máa ń yanjú ohun tí wákàtí kan ìròyìn kò lè yanjú.

Gìrì tó rọrùn ni èyí tó mi gbogbo ara lọ́gbọọgba, tí kò pé ìṣẹ́jú 15, tí kò sì wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí 24. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ á sùn díẹ̀, á jí, á sì mọ ìyá rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bí ó bá mi apá kan ṣoṣo, tí ó pẹ́, tàbí tí ọmọ kò padà sípò, a kò gbọdọ̀ pè é ní gìrì ibà lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tàbí tó ti kọjá ọdún márùn-ún. Gìrì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ọjọ́ náà gan-an, bó ti wù kó kúrú tó.

Nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́ta ni yóò tún ṣe é lọ́jọ́ mìíràn. Oògùn ibà ń fún ọmọ ní ìtura, ṣùgbọ́n kì í dènà gìrì, ìwádìí ti fi ìyẹn hàn léraléra. Kí òbí tó lo oògùn tí gìrì ṣì dé má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Nígbà tí ọkàn bá dàrú

Lára ẹni tó ti lé ní ọdún 65, ìdàrúdàpọ̀ lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí influenza tàbí Covid-19 máa fi hàn, láìsí ikọ́, láìsí ibà. Àwọn ará ilé á ní “ogbó ti dé.” Ogbó kì í dé láàárín ọjọ́ méjì. Ìdàrúdàpọ̀ àìsàn máa ń lọ, á máa bọ̀: òwúrọ̀ á dára, alẹ́ á burú. Ẹlòmíràn kì í sì í pariwo rárá. Á kàn dákẹ́, á máa tòògbé, kò ní jẹun. Irú èyí ni a kì í tètè rí, ó sì burú ju ti aláriwo lọ.

Ẹ ní kí ó ka àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn: Àbámẹ́ta, Ẹtì, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú, Ìṣẹ́gun, Ajé, Àìkú. Ní èdè mìíràn, orúkọ oṣù ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n “oṣù kejìlá, oṣù kọkànlá” ti Yorùbá jẹ́ kíka nọ́ńbà sẹ́yìn lásán, ó rọrùn jù. Ẹni tó lè ṣe é lánàá tí kò lè ṣe é lónìí ti yí padà. Ẹ fún un lómi bí ó bá ń gbé e mì dáadáa, ẹ wọn ọ́síjìn rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ti tọ̀, ẹ fi awò ojú àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ náà. Ẹ má fún un ní oògùn oorun; ó máa ń sọ ọkàn tó dàrú di èyí tó sọnù.

Ní ti ọmọdé tó ní influenza, ìṣesí tó yí padà láàárín wákàtí díẹ̀ sí ibà, tí gìrì tàbí oorun àsùnjù sì tẹ̀ lé e, lè jẹ́ ọpọlọ tó wú. Irú kan wà tó ń ba thalamus, agbègbè kan ní àárín inú ọpọlọ, jẹ́ lápá ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1995. Wákàtí ni ti ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ retí àyẹ̀wò ṣúgà àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, àwòrán ọpọlọ, àti fífa omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn máa ń kọ ìkẹyìn yìí nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń rọ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà máa ń wọlé nísàlẹ̀ ibi tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí. Ẹ̀fọ́rí ọjọ́ díẹ̀ ni ó sábà máa ń fi sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ aciclovir, oògùn fáírọ́ọ̀sì herpes, mílígírámù 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 8-8 fún àgbàlagbà, kí èsì tó jáde. Fáírọ́ọ̀sì herpes lè fara jọ gbogbo ohun tí a ti sọ, ó sì ń pa ọpọlọ kíákíá. Dídúró de èsì ló ń náni ní nǹkan. Ní ti influenza, oseltamivir mílígírámù 75 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 5 ni ti àgbàlagbà. Ó dára jù láàárín wákàtí 48, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ilé ìwòsàn ṣì ń gbà á lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá kọ̀

Ibí yìí ni kàlẹ́ńdà ti wúlò jù. Ọmọ iléèwé kan ní influenza, pàápàá irú B. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, bí ibà ṣe ń lọ, ó jí, kò fẹ́ rìn, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ tẹ ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀: ó kígbe. Ẹran ara ló ń dùn ún, iṣan ìmọ̀lára kò ní ohunkóhun. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lọ, omi àti ìsinmi ló nílò. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bí omi tíì, ẹran ara ti ń yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín sì wà nínú ewu: ilé ìwòsàn ni.

Bí ó bá jẹ́ pé apá tàbí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣàdédé rọ bí aṣọ, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, ẹ ronú nípa enterovirus D68. Amẹ́ríkà rí ìgbì rẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé ní 2014, 2016 àti 2018. Mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an ni ó ń bà jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ó fi ara gbá nǹkan ni.

Èyí tó lọ́ra tó sì léwu jù ni àìsàn Guillain-Barré, tó jẹ́ ọmọ àṣìmú tí a sọ lókè. Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́fà lẹ́yìn ikọ́, ìka ẹsẹ̀ méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, ẹ̀yìn á máa dùn, àtẹ̀gùn á di òkè. Ó ń gùn bọ̀ láti ẹsẹ̀ sí itan, sí apá, nígbà mìíràn dé ojú àti àyà, ó sì máa ń dé góńgó láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ dán nǹkan wọ̀nyí wò láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ kọ èsì rẹ̀: ṣé ó lè fi ọmọ ìka dúró? Ṣé ó lè fi gìgísẹ̀ dúró? Ṣé ó lè dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan? Ohun tó ṣeé ṣe láàárọ̀ tí kò ṣeé ṣe lálẹ́, ọ̀nà ilé ìwòsàn ni.

Lẹ́yìn náà, kí ó mí sínú dáadáa, kó ka nọ́ńbà sókè lórí èémí kan ṣoṣo, bíi méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá lè dé 20, èémí ti ń kéré. Nọ́ńbà Yorùbá gùn lẹ́nu (“mẹ́tàdínlógún” nìkan gba ẹ̀mí), nítorí náà èdè kan náà ni kí ẹ lò lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi ti òní wé ti àná. Ẹ má gbára lé ẹ̀rọ orí ìka níbí o. Nínú Guillain-Barré, 98 lè wà lójú ẹ̀rọ nígbà tí àyà ti fẹ́ rẹ̀ tán. Ìgbà tí nọ́ńbà náà bá fi já, ó ti pẹ́. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin sí márùn-ún ló ń nílò ẹ̀rọ amúnimí.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni immunoglobulin (ohun ìjà ara tí wọ́n yọ látinú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn) sínú iṣan, gírámù 0.4 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 5, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ pààrọ̀ omi ẹ̀jẹ̀. Agbára kan náà ni méjèèjì ní, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti dára jù. Steroid kò ṣiṣẹ́ fún un, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ fẹ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ jù lọ ń padà rìn, ó lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ojú tó wọ́

Ẹ ní kí ó gbé irun òkè ojú rẹ̀ sókè. Bí iwájú orí lápá tó wọ́ kò bá ká rárá, tí ojú náà kò sì lè dé, tí apá, ẹsẹ̀ àti ọ̀rọ̀ wà bó ṣe yẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan ìmọ̀lára ojú ló wú, èyí tí wọ́n ń pè ní Bell. Prednisolone, oògùn steroid kan, láàárín wákàtí 72 àkọ́kọ́ ń ṣèrànwọ́ gan-an. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ẹyinjú tí kò dé: omi ojú àtọwọ́dá lọ́sàn-án, ìpara ojú lálẹ́, kí ẹ sì lẹ ìpéǹpéjú pa bí ó bá fẹ́ sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú á gbẹ, á sì gba egbò.

Bí iwájú orí bá ká ṣùgbọ́n ẹnu wọ́, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ kà á sí. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, rọpárọsẹ̀ náà ni kí ẹ kà á sí. Ẹ kọ aago tí ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá, kì í ṣe aago tí ẹ bá a bẹ́ẹ̀, nítorí láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ ni oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fún un ní oúnjẹ, omi tàbí aspirin. Rọpárọsẹ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ dídà jọ ti ẹ̀jẹ̀ dídì lójú.

Òórùn tó sọnù

Nínú Covid-19, sẹ́ẹ̀lì tó ń ti iṣan òórùn lẹ́yìn ni kòkòrò náà sábà ń kọ lù, kì í ṣe iṣan náà gan-an, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń rí i gbà padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò imú. Ohun mẹ́rin tó lóòórùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ nílò: rose, eucalyptus, ọsàn wẹ́wẹ́ àti kánáfùrù. Ẹ gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ mú èkejì, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ fi ọkàn rántí bí ó ṣe máa ń rí, òun ni iṣẹ́ gan-an. Nígbà tí òórùn bá ń padà, nǹkan dídára lè máa rùn bí ohun tó jóná. Ó ń bíni nínú, ṣùgbọ́n iṣan tó ń so padà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá wà sínú ilé, ẹ sì kọ ọjọ́ sára oúnjẹ tí ẹ bá tọ́jú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Bí àárẹ̀, ìgbàgbé àti orí tó wúwo bá ṣì wà ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn Covid-19, tí ó sì ti lo oṣù méjì ó kéré tán láìsí àlàyé mìíràn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní orúkọ fún un: Covid ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀, tairọ́ọ̀dù àti ṣúgà wò.

Ẹni tí òòyì ń kọ́ bí ó bá dìde lè ṣe ìdánwò yìí, pẹ̀lú ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ó sùn gbalaja fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ka ìlù ọkàn rẹ̀. Kí ó dìde, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ máa ka ìlù ọkàn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí dé 10. Bí ó bá fi 30 ga, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 12 sí 19, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kò sì já, ẹ gbé àkọsílẹ̀ náà lọ fún dókítà. Bí ojú bá ń ṣú u, ẹ dá a dúró kíá.

Ní ti àárẹ̀, ẹ ṣọ́ èyí tó ń dé lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni náà á lágbára lónìí, á fọṣọ, á gbálẹ̀, á sì wó lulẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 12 sí 48. Nítorí ó pẹ́ kó tó dé, wọn kì í so ó mọ́ iṣẹ́ tó fà á. Ẹ kọ iṣẹ́ àti wákàtí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí okùn tó so wọ́n. Lẹ́yìn náà, ìdajì ohun tí ó rò pé òun lè ṣe ni kó ṣe, kó jókòó se oúnjẹ, kó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́. Kò gbọdọ̀ fi agídí ṣe eré ìdárayá láti “jà á padà.” Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi: bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìwó lulẹ̀, kí ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un, bí ó bá sì wó, kí ó padà sí iye tó ń ṣe tẹ́lẹ̀.